Kí A Tó Sọ Pé Ọ̀tá Ló Dè É: Bí A Ṣe Ń Jí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ti Sùn Pẹ́

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín bí ó ti rí àkọlé yìí, kí ó sì béèrè pé, kí ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń wá ní Kòmu? Lóòótọ́, ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí ni a mọ̀ mọ́ wa. A kì í ṣe ará etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n omi kò jìnnà sí wa bí àwọn kan ti rò. Odò Ògùn tí a fi ń pe Òkè-Ògùn, láti apá Ṣakí ló ti ń ṣàn bọ̀, tí ó fi gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Orí odò yìí kan náà ni ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ti bẹ̀rẹ̀ dáàmù Ìkéré Gorge ní ọdún 1982, ní ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní yóò fún wa ní omi mímu, yóò bomi rin oko, yóò sì fún wa ní iná mànàmáná. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀. Iná tí wọ́n ṣèlérí kò tètè dé, ṣùgbọ́n omi dúró, ẹja sì dé. Adágún ńlá náà, tí wọ́n ṣe láti gba omi tó 690 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì, di oko àwọn apẹja. Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń roko, àwọn kan a máa lọ pẹja níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Lára irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí ni ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló wà nílẹ̀ báyìí láìṣiṣẹ́. Òmíràn, ẹni tó ni ín ti kú. Òmíràn, ẹni tó ni ín ti ṣí lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó epo fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn apẹja mìíràn fi gbé ẹ́ńjìnnì jù sábẹ́ àká, tí wọ́n sì padà sídìí àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀. Ọjọ́ a gorí ọjọ́, oṣù a gorí oṣù. Ní ọjọ́ kan, àìní yóò dé, wọn yóò gbé e jáde, wọn yóò fa okùn rẹ̀ títí apá yóò fi wú, kò ní dáhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ burúkú ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan yóò ní, "Wọ́n ti dè é." Gbólóhùn yìí gan-an ni ó mú wa kọ ìwé yìí.

Ẹ̀SÙN TÓ Ń TÚ ILÉ KÁ

Ìdílé kan wà tí a mọ̀, ọmọ baba kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Baba wọn fi ẹ́ńjìnnì Yamaha kan sílẹ̀, olókùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 15. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àkọ́bí pinnu láti gbé e lọ sí etí dáàmù. Ó fa okùn títí, ẹ́ńjìnnì kò jí. Àwọn ọ̀rẹ́ kan sọ fún un pé ìyàwó kékeré baba rẹ̀ ló so ó mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tẹ ogún. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kí ìyá náà mọ́. Àwọn ọmọ tó ń jẹun nínú àwo kan náà tẹ́lẹ̀ kò jẹun pọ̀ mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá dá owó lé ẹ́ńjìnnì náà.

A gbàdúrà pẹ̀lú wọn, nítorí iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ṣe Àmín, a béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ àkọ́bí: "Epo wo ló wà nínú rẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èyí tí Bàbá rà kí wọ́n tó kú ni, sà." A ní kí ó má tíì tà á, kí ó má sì tún fi ẹnu kan ìyá náà, títí a ó fi rán arákùnrin kan wá, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé Sátánì kò sí, a kò sì sọ pé àdúrà kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Áńgẹ́lì ti fi dá a lójú pé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni kò ní bọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn atukọ̀ fura pé ilẹ̀ ti ń sún mọ́, wọ́n ju okùn sísàlẹ̀ láti mọ bí omi ti jìn tó. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ìlérí Ọlọ́run kò sọ pé kí wọ́n má wọn omi. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni àwa tí a ó fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá àgbà láìtíì tú ìdérí ẹ́ńjìnnì wò?

ỌWỌ́ ÈNÌYÀN LÓ ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan, Ole Evinrude, tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ irú ẹ́ńjìnnì yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó tukọ̀ lọ ra áísìkiriìmù fún ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí, tí ń jẹ́ Bess, ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an. Kó tó tukọ̀ padà dé, áísìkiriìmù ti yọ́ di omi. Láti ìgbà náà ló ti ń ronú bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe máa ti ọkọ̀ kékeré. Ní ọdún 1909 ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á: agbára ẹṣin kan àtààbọ̀, tó wúwo tó kílò 28. Bess, tó ti di ìyàwó rẹ̀, ló ń bójú tó ìwé àti ìpolówó iṣẹ́ náà. Àwọn Yamaha ti ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1960.

Ìdí tí a fi sọ èyí ni pé ohun tí tọkọtaya fi ọwọ́ àti ọgbọ́n ṣe, ọwọ́ àti ọgbọ́n ni a fi ń tún un ṣe. Nǹkan mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń béèrè: epo tó mọ́, iná tó ń ta pàrà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ nínú ikùn rẹ̀, àti omi tí yóò máa tù ú lára. Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn pẹ́, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ni kò rí, tàbí méjì, tàbí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÈKÍNÍ: Ẹ MÁ TÍÌ FA OKÙN

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì láti abẹ́ àká, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa okùn lójú ẹsẹ̀, ó lè ba ohun tí kò tíì bàjẹ́ jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí orí rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, eruku ọyẹ́ yóò ti bò ó, eku lè ti jẹ wáyà, alángbá lè ti yé sí i, àwọn kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé a sì máa dí gbogbo ihò kéékèèké. Ẹ nù ún mọ́. Ẹ wo àwọn rọ́bà bóyá wọ́n ti sán.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, bí i ṣíbí kékeré kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ tàbí di ọjọ́ kejì. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ti sùn, ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ lè ti mú písítìn mọ́ ara ògiri ilé rẹ̀. Ọ́ìlì ni yóò tú u sílẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, ẹ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ irin tó wà lórí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́, ní ọ̀nà tí okùn máa ń yí i sí nìkan. Ẹ má yí i sẹ́yìn, nítorí pé abẹ̀bẹ̀ rọ́bà kan wà nísàlẹ̀ tí yíyí sẹ́yìn lè bà jẹ́. Bí kò bá yí, ẹ tún kán ọ́ìlì, ẹ tún ní sùúrù.

Ohun kan tún wà tó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí ni okùn wọn kì í fà rárá bí wọ́n bá wà nínú jíà. Ààbò ni wọ́n fi ṣe é, kí ọkọ̀ má baà fò síwájú lójijì. Ẹ dá a padà sí àárín, níbi tí kì í lọ síwájú, tí kì í lọ sẹ́yìn, kí ẹ tó sọ pé ó ti gan.

ÈKEJÌ: EPO

Bẹntiróòlù kì í ṣe ọtí tó ń dára sí i bí ó ti ń pẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, apá tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó ń tètè gbiná, yóò ti fẹ́ lọ. Ohun tó kù yóò máa ki, yóò máa rùn bí ọ̀dà, yóò sì di oje tó ń lẹ̀ mọ́ inú kábúrétọ̀. Àwọn ihò tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Oje díẹ̀ ti tó láti dí wọn.

Nítorí náà, ẹ da gbogbo epo àtijọ́ nù. Ẹ má dà á sínú odò, ẹ má sì dà á sí tòsí ààrò tàbí ibi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré. Àwọn ìyá tó ń dáná gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ epo ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti wọ inú epo, ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kí ó tòrò. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ dúró sí.

Ẹ wá po epo tuntun. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bí irú èyí kò ní àpò ọ́ìlì tirẹ̀. Inú epo ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbà wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ń lo ìdá kan ọ́ìlì sí ìdá 50 epo, èyí tí í ṣe ìdajì lítà ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25. Àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lè béèrè ìlọ́po méjì. Ohun tí ìwé rẹ̀ bá wí, tàbí ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ni kí a tẹ̀ lé. Ẹni tó bá rọ bẹntiróòlù lásán sínú rẹ̀ láìsí ọ́ìlì, ó ń sin ín láàyè ni.

Lórí ìdérí agolo epo, ìdè kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ó bá wà ní dídé, tàbí tí amọ̀ kòkòrò dí i, ẹ́ńjìnnì yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì kú, nítorí epo kò lè jáde níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé. Ẹ wo rọ́bà rìbìtì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ lójú ọ̀nà epo pẹ̀lú: àmì ọfà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó yẹ kí ó le. Bí kò bá le, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbìkan, tàbí rọ́bà náà ti gbó.

Kábúrétọ̀ ni kí ẹ gbé fún ẹni tó mọ̀ ọ́n bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Títú ni a ń tú u, a ń fi epo mímọ́ fọ̀ ọ́, a sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ihò rẹ̀. Ẹ má ṣe ki wáyà irin bọ̀ ọ́, nítorí yóò fẹ ihò náà lójú, ẹ́ńjìnnì kò sì ní mu epo níwọ̀n mọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì ti ìdílé tí a sọ yẹn, amọ̀ ló dí ihò afẹ́fẹ́ agolo, epo baba sì ti di oje nínú kábúrétọ̀.

ẸKẸTA: INÁ

Kí ẹ tó wá iná kiri, ẹ wo okùn pupa kékeré tó máa ń wà níwájú ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ ni atukọ̀ ń so ó mọ́, pé bí òun bá ṣubú sómi, kí ó fà yọ, kí ẹ́ńjìnnì sì kú. Bí ike tó wà lẹ́nu okùn yìí kò bá sí ní àyè rẹ̀, púlọ́ọ̀gì kò ní ta iná rárá, ìbáà jẹ́ àárọ̀ dé alẹ́ ni a fi fa okùn.

Bí ìyẹn bá wà ní àyè rẹ̀, ẹ fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ó bá gbẹ, epo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ padà sí orí epo. Bí ó bá tutù fún epo, epo ń dé, iná ni kò sí, tàbí epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá dúdú tó kún fún èéfín, ẹ nù ún, tàbí kí ẹ ra tuntun, nítorí kò wọ́n tó ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́. Láti rí iná, a ń fi púlọ́ọ̀gì há ẹnu wáyà rẹ̀, a fi irin rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn sì fa okùn. Iná búlúù tó ta dáadáa ni a ń fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó jìnnà sí ihò tí a ti tú u, kí epo kankan má sì sí nítòsí, nítorí iná ni iná ń jẹ́. Bí iná kò bá ta pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tuntun, ẹ wo àwọn wáyà tí eku jẹ àti ojú ìdè tó ti pẹtà.

ẸKẸRIN: ÌFÚNPỌ̀ ÀTI OMI

Láti mọ bóyá ikùn ẹ́ńjìnnì ṣì lágbára, ẹ yọ ike okùn pupa kúrò kí iná má baà ta, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí ẹlòmíràn fa okùn. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti àtàǹpàkò kúrò tipátipá. Bí ó bá rọ̀ jọ̀jọ̀, ríìngì lè ti lẹ̀ tàbí kí ó ti jẹ. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ìyẹn.

Omi ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní omi tirẹ̀ bí ti mọ́tò. Omi odò ló ń fà gòkè láti fi tu ara. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà kan nísàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá wà lójú kan fún ọdún mélòó kan, ewé rẹ̀ yóò ti tẹ̀, yóò ti le, yóò sì sán. Ohun tó dára ni kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó gbé ẹ́ńjìnnì padà sómi. Ẹ má ṣe dán ẹ́ńjìnnì yìí wò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan. Ẹ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi, kí omi bo ibi tó ń gbà mu omi dáadáa, kí ó sì jẹ́ ní gbangba, kì í ṣe nínú yàrá, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn. Bí ó bá ti jí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: omi tín-ín-rín gbọ́dọ̀ máa tú jáde bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀. Bí kò bá tú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ pa á kíákíá. Ó lè jẹ́ pé amọ̀ kòkòrò ló dí ihò náà, ó sì lè jẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ní ìparí, ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀ ilé jíà díẹ̀. Bí ọ́ìlì tó jáde bá funfun bí wàrà, omi ti wọ ibẹ̀, rọ́bà tó yẹ kí ó dá omi dúró ti jẹ. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó rọ ọ́ìlì mìíràn. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń fún un wọlé títí yóò fi yọ lókè.

OHUN TÍ ARÁKÙNRIN NÁÀ RÍ

Mẹkáníìkì wa lo ọjọ́ méjì lórí ẹ́ńjìnnì baba yẹn. Ó rí amọ̀, ó rí oje epo, ó rí abẹ̀bẹ̀ rọ́bà tó ti tẹ̀. Okùn pupa nìkan ni kò rí. Ó béèrè, wọ́n wá a, inú ohun ìṣeré àwọn ọmọ àkọ́bí gan-an ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ti fi ń fa mọ́tò onípáálí kiri. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í sí àyè rẹ̀, tí wọ́n sì fa okùn ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ́ńjìnnì jí nínú dúrọ́ọ̀mù, omi sì ń tú lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdùnnú ṣubú layọ̀, ṣùgbọ́n a sọ fún àkọ́bí pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ìyá kan ṣì wà nínú ilé tí a ti pè ní ohun tí kò jẹ́. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní ojú gbogbo ilé. Ìyá náà kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó wọlé, ó sunkún. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ wá jẹun. Ẹ rí i bí ó ti rí: ọjọ́ méjì ni a fi tún irin ṣe, ọkàn ènìyàn gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

KÍ A TÓ BỌ́ SÓMI

Ẹ́ńjìnnì tó jí nínú dúrọ́ọ̀mù lè kú láàárín adágún. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń ti ìgbéyàwó bọ̀ dànù lórí odò ní agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwárà. Àwọn tó kú lé ní 100. Omi kò mọ ẹni tó ń ti ayẹyẹ bọ̀. Nítorí náà, ẹ dè é mọ́ ìdí ọkọ̀ gírígírí, kí ẹ sì fi ṣéènì tàbí okùn dè é ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní etí omi fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó lọ sáàárín. Kí àjẹ̀ méjì má ṣe kúrò nínú ọkọ̀, nítorí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì kò tíì kúrò lẹ́ni tó ń tukọ̀. Kí púlọ́ọ̀gì kan àti sípánà rẹ̀ wà nínú àpò. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, títí kan ẹni tó mọ omi wẹ̀; ó yẹ kí a wọ̀ ọ́ sọ́rùn, kì í ṣe kí a fi jókòó. Kí ẹni tó di ẹ́ńjìnnì mú so okùn pupa mọ́ ọwọ́. Kí a má sì kó ju bí ọkọ̀ ti lè gbà lọ. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí etí wa di.

Bí iṣẹ́ bá sì tún dópin fún ìgbà kan, ẹ má ṣe fi epo sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú omi, ẹ yọ rọ́bà epo kúrò, kí ó jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán. Ẹ kán ọ́ìlì sí ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó, kì í ṣe ọ̀rá tí yóò pa omi mọ́ ọn lára. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹnìkan nínú ilé fa okùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Nínú Ìhìn Rere Máàkù, iṣẹ́ àtúnṣe àwọ̀n ni Jákọ́bù àti Jòhánù wà lẹ́nu rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí Olúwa pè wọ́n. Olúwa kò bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn nípa ẹni tó fa àwọ̀n wọn ya.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ọmọ, ohun púpọ̀ ló ń dẹnu kọlẹ̀ nínú ilé: ẹ́ńjìnnì, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, alùpùpù. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé sípánà. Ẹ wo epo, ẹ wo iná, ẹ wo afẹ́fẹ́, ẹ wo omi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe fi ẹnu ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́ nítorí ohun tí ẹ kò tíì tú wò. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n ọwọ́ àti sùúrù ọkàn, kí ó sì máa pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn lórí omi mọ́. Àmín.